Ohun Tí Alájọ Ti Mọ̀ Tipẹ́

Alájọ kì í dúró sílé kí oníbàárà wá bá a. Òun ló ń gbé káàdì kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Kí ìyá aláta tó palẹ̀ ọjà rẹ̀ tán láàárọ̀, ó ti dé: “Màmá, ẹ kú ọjà o, tòní dà?” Ìyá á nawọ́ owó sí i, alájọ á fa ìlà sí káàdì, ó di ọ̀la. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni alájọ máa mú fún wàhálà rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìyá yìí ń sanwó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ báǹkì tó máa fún un ní èlé wà ní òdìkejì títì.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn iléeṣẹ́ ìjọba nímọ̀ràn lórí ètò aráàlú, àìmọ̀ ni mo pe ìyẹn. Mo ti bẹ àwọn ìyá náà lọ́kàn mi. Wọ́n mọ ara wọn jù mí lọ. Wọ́n mọ̀ pé owó tó bá sùn mọ́jú nínú àpò, aṣọ ẹbí á jẹ níbẹ̀, ẹni tó wá yáwó á jẹ níbẹ̀. Alájọ ń bá wọn mú un kúrò nílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn àti ọkàn wọn.

Richard Thaler, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2017, àti Cass Sunstein, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, ló sọ irú ọgbọ́n yìí di nudge lẹ́nu àwọn ìjọba. Ká fi ìgúnpá ti èèyàn díẹ̀ ni. Ẹ ò fi òfin dè é, ẹ ò bu owó ìtanràn lé e, ó sì lè kọ̀ bó bá wù ú. Ẹ kàn tún ojú ọ̀nà ṣe kí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ní lọ́kàn má baà ṣòro ṣe. Ní 2010, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ṣe tiwọn lẹ́yìn ìgbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London, ẹ bi wọ́n nípa owó ìfẹ̀yìntì. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ dá a ló máa lọ wá fọ́ọ̀mù. Láti oṣù kẹwàá 2012, bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kó sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ ló kù tó máa wá fọ́ọ̀mù. Lọ́dún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni tó wà nínú ètò náà kò tó ìdajì àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di 2019, wọ́n ti ju 80 lọ nínú 100. Ìlọ́ra àwọn èèyàn ò lọ síbì kankan o. Ibi tó ń gbé wọn lọ ló yí padà. Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú nínú rẹ̀: ọ̀pọ̀ ló jókòó sórí iye tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀, wọ́n ní bí ìjọba bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ó ti tó nìyẹn.

Nàìjíríà náà gbìyànjú. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí micro pension, ètò owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn fúnra rẹ̀ máa ń dá díẹ̀díẹ̀, fún ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tó wọ̀ ọ́ kéré jọjọ sí èrò tó wà lọ́jà. Mo ti jókòó sípàdé tí wọ́n ti ń sọ pé aráàlú ò lajú, ká tún polongo sí i. Ta ló ń lọ bá ìyá aláta ní ìsọ̀ láràárọ̀? Ìbéèrè yẹn ni mo bi wọ́n, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Àpẹẹrẹ tí mi ò lè gbàgbé ni ti Udaipur, ní Rajasthan, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Abhijit Banerjee, Esther Duflo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe ìdánwò kan níbẹ̀ ní abúlé 134. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé níbẹ̀, àmọ́ bí ìyá bá rìn dé ibùdó, ó ṣeé ṣe kó má bá nọ́ọ̀sì. Ní àwọn abúlé tí wọn ò fọwọ́ kàn, ọmọ 6 nínú 100 ló gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó yẹ. Níbi tí wọ́n ti rí i dájú pé nọ́ọ̀sì ń wá lóṣooṣù láìyẹ̀, ó di 18. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wá, tí ìyá sì ń gba kílò dal kan lórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan (ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ni dal), pẹ̀lú abọ́ irin nígbà tí abẹ́rẹ́ bá pé, ó di 39.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. Láìsí dal, dọ́là 56 ni wọ́n ná lórí ọmọ kan tó gbà á pé. Pẹ̀lú dal, dọ́là 28. Nọ́ọ̀sì tó jókòó, owó kan náà ló ń gbà, ì báà ṣe ọmọ mẹ́ta ló wá tàbí ọgbọ̀n. Èrò tí dal kó wá ló pín owó náà wẹ́wẹ́.

Àwọn kan ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ní ẹ̀bùn kì í ṣe nudge. Mi ò bá wọn jà lórí orúkọ. Àwọn ìyá yẹn ò lòdì sí abẹ́rẹ́. Oko wà lónìí, àìsàn tí abẹ́rẹ́ ń dènà ò tíì hàn, ọ̀la sì máa ń wà. Dal ló jẹ́ kí òní ní ìtumọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìlọ́po mẹ́ta àkọ́kọ́, láti 6 sí 18, wíwá nọ́ọ̀sì ló mú un wá. Kò sí ìgúnpá tó lè ti èèyàn wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n tì pa. Ẹni tó bá ní nudge á rọ́pò nọ́ọ̀sì, òògùn tàbí títì, oníjìbìtì ni. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Stefano DellaVigna àti Elizabeth Linos, kó ìdánwò 126 tí ẹ̀ka nudge méjì tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣe jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2022. Nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, nudge máa ń fi èèyàn 8 tàbí 9 kún àwọn tó ṣe nǹkan náà nínú 100. Lọ́wọ́ ìjọba, ó jẹ́ 1.4. Ìdí kan ni pé àwọn ìdánwò tó yọrí sí rere ló sábà máa ń rí àyè nínú ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Síbẹ̀, bí lẹ́tà tẹ́ ẹ ti fẹ́ fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bá lè mú 1.4 wá nítorí pé ẹ tún gbólóhùn méjì kọ, èmi á gbà á.

Láìpẹ́ yìí, iléeṣẹ́ kan pè mí pé àwọn èèyàn ò wá gba ìwé ẹ̀rí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn aráàlú láti àárọ̀. Mo ka iye ibi tí wọ́n rán ìyá arúgbó kan lọ: ẹ lọ ṣe fótókọ́pì, ẹ lọ ya pásípọ́ọ̀tù, ẹ lọ sanwó ní báǹkì, ẹ mú tẹ́là wá, ọ̀gá ò sí ní ìjókòó, ẹ padà wá lọ́la. Mẹ́fà. Mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, mo sì fi ìwé náà lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́. Ó kà á, ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní kí n wá bá àwọn kọ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n á fi la àwọn aráàlú lọ́yẹ̀.