Bí Èdè Lárúbáwá àti Èdè Ṣáínà Ṣe Ń Di Oyè Yunifásítì ní Nàìjíríà

Ẹni tó bá wọlé kẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ìlọrin sábà máa ń ti jókòó ti wàláà láti kékeré, kó tó gbọ́ orúkọ JAMB rárá. Ẹni tó bá wọlé kẹ́kọ̀ọ́ èdè Ṣáínà ní Yunifásítì Èkó, lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì ka ìlà kan ṣoṣo rí nínú èdè náà. Oyè B.A. ni àwọn méjèèjì ń lépa, ṣùgbọ́n ibi tí oníkálukú ti gbéra ló ń pinnu bí a ṣe to iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà Lárúbáwá ti máa ń gùn kó tó kan yunifásítì. Lẹ́yìn kíka Kùránì ní ilé-kéwú, akẹ́kọ̀ọ́ a bọ́ sí ìpele Ìdádì, tó dà bíi girama kékeré, a sì ti ibẹ̀ lọ sí Sánáwì, tó dà bíi girama àgbà, níbi tó jẹ́ pé Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Markaz, tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tó sì gbé lọ sí Agége ní ọdún 1955, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di ètò oníkíláàsì tó ní ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ṣe Sánáwì dáadáa lè kọ ewì ní Lárúbáwá, ó sì lè ṣàlàyé ìdí tí ìparí ọ̀rọ̀ kan fi yí padà nínú gbólóhùn. Síbẹ̀, yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn.

Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni dípúlómà nínú Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ṣe wà ní Ìbàdàn àti níbòmíràn. Ó ń gba ọmọ ilé-kéwú wọlé, ó ń kọ́ ọ bí yunifásítì ṣe ń fẹ́ kí a kọ̀wé, bí kírẹ́díìtì rẹ̀ bá sì ti pé, ó lè bọ́ sí ìpele kejì oyè náà láìbẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Àjọ NBAIS ní Kàdúná náà ń ṣe ìdánwò àṣejáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Lárúbáwá. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dá àwọn kan tí wọ́n gbọ́ Lárúbáwá yékéyéké padà sílé, èyí sì ni àléébù tó tóbi jù nínú ètò náà.

Ìtàn ló fà á. Abẹ́ Yunifásítì London ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà títí di ọdún 1962, àwọn òyìnbó onímọ̀ Lárúbáwá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé, ìtúmọ̀ láti èdè kan sí èkejì sì jẹ́ òpó iṣẹ́ wọn. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há náhúwù àti sárúfù, ìyẹn òfin gbólóhùn àti òfin ìhun ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, sórí lè bá ara rẹ̀ níwájú ìbéèrè tó ní kó jiyàn, kó sì fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, lórí ewì ayé àwọn Abbasid, ìyẹn ìdílé kálífà tó jọba ní Baghdad láyé àtijọ́, tàbí lórí ìwé tí àwọn àlùfáà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ìṣòro kejì, nítorí Lárúbáwá inú ìwé kọ́ ni wọ́n ń sọ lọ́jà ní Cairo, ti Cairo kò sì jọ ti Morocco. Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá Abúlé Èdè Lárúbáwá sílẹ̀ ní Ngala, ní ìpínlẹ̀ Borno, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé láàárín àwọn Ṣúwà tí Lárúbáwá jẹ́ èdè abínibí wọn. Ogun Boko Haram da ètò náà rú.

Ti èdè Ṣáínà yàtọ̀ pátápátá. Pinyin, ìlànà tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí ní ọdún 1958 láti fi lẹ́tà ABD kọ ìró èdè wọn, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ohùn sì tẹ̀lé e. Kò sí olùkọ́ tó nílò láti fi ẹ̀rí han ọmọ Yorùbá pé ohùn lè yí ìtumọ̀ padà. Àmọ́ ohùn mẹ́ta tiwa máa ń dúró sójú kan ni, òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ti Mandarin, èdè àjùmọ̀lò Ṣáínà tí wọ́n ń kọ́ni, ń rìn: ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń lọ sílẹ̀ kó tó gbéra, ọ̀kan ń já wálẹ̀ láti òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa mú wọn dúró níbi tó yẹ kí wọ́n ti rìn, àṣìṣe yìí sì lè ṣòro láti fà tu, nítorí etí rẹ̀ ti rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Àmì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ̀wé dípò lẹ́tà ló ń gba àkókò jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní apá kan tó ń tọ́ka sí ìtumọ̀ àti apá kan tó ń tọ́ka sí ìró, ṣùgbọ́n ìtọ́ka náà kì í pé, nítorí náà kíkọ wọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìlà kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò HSK, tí Ṣáínà ń ṣe fún àwọn àjèjì tó ń kọ́ èdè rẹ̀, ni a fi ń wọn ìlọsíwájú: lórí òdiwọ̀n oníwọ̀n mẹ́fà, ìpele kìíní ń béèrè ọ̀rọ̀ 150, ìkẹrin 1,200, ìkẹfà 5,000. Ní ọdún 2021, Ṣáínà gbé òdiwọ̀n tuntun oníwọ̀n mẹ́sàn-án jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó, tí Beijing Institute of Technology jẹ́ alábàáṣepọ̀ rẹ̀, ń pèsè olùkọ́ àti ìwé, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà sì ń gbé àwọn kan lọ gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìparí, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ èdè méjèèjì. Àwọn ẹ̀ka Lárúbáwá kan ń gbà á ní Lárúbáwá, àwọn mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá lè ṣiṣẹ́ lé lórí sì pọ̀ nítòsí: láti àwọn ọdún 1960 ni Ìbàdàn ti ní ibùdó tó ń ṣe àkójọ àwọn ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá, ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ṣì wà nínú ilé àwọn ìdílé àlùfáà ní Ìlọrin, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ jáde.