Ìdí tí yírùnyírùn fi ń padà sílé kan náà

Yírùnyírùn, èyí tí àwọn dókítà ní Benin níbí ń pè ní méningite, kì í sábà mú èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá wá mú ọmọ kan lónìí, tó tún padà mú un lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tàbí tó mú ẹ̀gbọ́n tó sì wá mú àbúrò, ó yẹ kéèyàn fura. Ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, kí wọ́n tó dé ọsibítù, ẹnì kan á ti ní iṣẹ́ ayé ni, ẹlòmíì á ní àbíkú ni. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kọ́ńpílímẹ́ǹtì lorúkọ ẹ̀.

Àwọn pùrótéènì ni o, wọ́n lé ní 30, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, inú omi ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn kiri jẹ́ẹ́jẹ́ títí kòkòrò àrùn á fi wọlé. Ẹni tó bá ti dúró wo bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Àjàṣẹ́ ti mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí: ẹni ìsàlẹ̀ á bù ú sínú páànù, á gbé e fún ẹni tó wà lórí àkàbà, ìyẹn á gbé e fún ẹni tó wà lókè ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi débi tí wọ́n fẹ́ dà á sí. Kí ẹnì kan ṣoṣo lọ jẹun, kọnkéré dúró síbẹ̀ nìyẹn. C1 dé C9 ni wọ́n ń pe àwọn tó wà nínú ìlà yìí: C1 ló ń jí C4 àti C2, àwọn yẹn á jí C3, C3 á lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà lára kí àwọn tó ń gbé kòkòrò mì lè rí i mú, á sì tún jí C5, tí C5 dé C9 á wá para pọ̀ lu ihò sí i lára, omi á ya wọ inú ẹ̀, á bẹ́. (Pé 4 ṣáájú 2 kì í ṣe àṣìkọ, bí wọ́n ṣe rí wọn tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ṣe fún wọn ní nọ́ńbà.) Ọ̀nà méjì míì tún wà tí iṣẹ́ lè gbà bẹ̀rẹ̀ láìkan C1, ọ̀dọ̀ C3 ni gbogbo wọn ti ń pàdé.

Báwo ló ṣe wá ń di ti ìdílé? Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS ti mọ ìdajì ẹ̀. Jíìnì méjì méjì la ní, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ tí ìkejì dáa, ara onítọ̀hún á le koko, kò ní mọ nǹkan kan. Tí méjì irú ẹ̀ bá wá fẹ́ra, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ó lè gba èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Kì í ṣe pé tí wọ́n bá bí mẹ́rin ọ̀kan ló máa kàn o, wọ́n lè bí mẹ́fà kó má kan ẹnì kankan, wọ́n lè bí méjì kó kan méjèèjì. Àwọn àgbà tó ń ní kí ìbátan má fẹ́ ìbátan ò mọ jíìnì, àmọ́ wọn ò ṣì í sọ, torí ẹbí kan náà ló ṣeé ṣe kó gbé ìbàjẹ́ kan náà dání.

Ibi tí ìlà C1 dé C9 yẹn ti já ló ń sọ irú àìsàn tó máa yọjú. Tó bá já lápá C1, C4 tàbí C2, ìdọ̀tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kú ò ní kúrò nínú ara bó ṣe yẹ, lupus, àìsàn tí ara fi ń bá ara ẹ̀ jà, sábà máa ń tẹ̀ lé e. C3 ló le jù, àtikékeré ni etí á ti máa ṣọyún, tí àyà á máa dùn wọ́n. Tó bá jẹ́ láti C5 dé C9, kòkòrò yírùnyírùn ni wàhálà wọn, torí ihò yẹn gan-an lara fi ń pa á. Ní Japan, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ni ò ní C9.

Méjì wà tí kò tẹ̀ lé òfin AS. Properdin, pùrótéènì kan lójú ọ̀nà tí kò kan C1, wà lórí kurómósómù X, ọkùnrin sì ní X kan ṣoṣo, ìyá tí nǹkan kan ò ṣe ló ń gbé e fún ọmọkùnrin, kí wọ́n béèrè nípa àwọn àbúrò ìyá lọ́kùnrin tó kú ní kékeré. Ìkejì ni C1 inhibitor, tó ń di C1 lọ́wọ́ mú. Ìyẹn, ọ̀kan tó bàjẹ́ ti tó, ìdajì tó kù kì í tó lò. Ètè á wú, ọ̀fun á wú, inú á máa run èèyàn, kò ní yún un, wọ́n á ní ẹnì kan ti fún un ní májèlé jẹ, adrenaline àti cortisone ò sì ní ràn án.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní CH50 ni wọ́n fi ń yẹ ìlà àkọ́kọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti C1, wò (kì í mú properdin, àyẹ̀wò AH50 ni tìẹ). Ẹ̀jẹ̀ pupa àgùntàn ni wọ́n á fi áńtíbọ́dì bò, wọ́n á da omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí i. Tí kọ́ńpílímẹ́ǹtì bá pé, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn á bẹ́, omi á pọ́n. Tí ìkankan láti C1 dé C8 bá sọnù pátá, omi á mọ́ gaara, ẹ̀jẹ̀ á sùn sísàlẹ̀ ìgò. Àmọ́ ooru ni ọ̀tá ẹ̀: láti 1895 ni Jules Bordet, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Belgium, ti fi hàn pé tí wọ́n bá gbé omi ẹ̀jẹ̀ gbóná dé nǹkan bí 56 °C, agbára yẹn á lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi takisí gbé dé Kútọnu láìsí yìnyín lè parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀ẹ̀kejì ni kí wọ́n fi dájú.

Abẹ́rẹ́ MenAfriVac tí wọ́n gún ní àríwá Benin ní 2012, irú kòkòrò yírùnyírùn tí wọ́n ń pè ní A nìkan ló ń dènà. Ẹni tí ìlà ẹ̀ já nílò abẹ́rẹ́ irú A, C, W àti Y (ACWY) àti ti B, torí W àti Y sábà máa ń mú wọn. Kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀, títí kan èyí tí kò tíì ṣàìsàn rí.