Bí depression ṣe ń so èèyàn mọ́lẹ̀, àti ibi tí ẹni tó sún mọ́ ọn ti lè bá a tú u

Ẹni tí depression, ìyẹn àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bá ń bá fínra, ohun tí àwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń rí ni pé kì í gbé fóònù mọ́, abọ́ tó jẹun lójẹta ṣì wà nílẹ̀ láìfọ̀, ó sùn títí di ọ̀sán síbẹ̀ ó lóun ò rí oorun sùn, wọ́n á wá ní ọ̀lẹ ni àbí ó kàn ń fẹ́ kí wọ́n máa kẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Nǹkan kan wà tó ń yí po nínú àìsàn yìí, ìkan ń fa èkejì, èkejì á tún padà wá fún ìkíní lágbára, ẹni tó bá mọ bó ṣe ń yí ló máa mọ ibi tóun lè fọwọ́ bọ̀.

Ká ya ìbànújẹ́ sọ́tọ̀ ná. Ìbànújẹ́ kì í ṣe àìsàn, kò sẹ́ni tí kì í bá, ó máa ń lọ ó máa ń bọ̀, èèyàn lè ń ṣọ̀fọ̀ kó ṣì rẹ́rìn-ín tí ẹnì kan bá sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Kí dókítà tó pè é ní depression, ó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, kó sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Àmì 9 ló wà nínú ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ń lò, 5 ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú 5 yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ yálà ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì tàbí kí ohun tó máa ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ni mọ́. Ìyókù ni oorun tó dàrú, oúnjẹ tàbí ìwọ̀n ara tó yí padà, okun tó tán, ara tó ń falẹ̀ tàbí tí ò lè jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn tí ò pa pọ̀ sójú kan, dídá ara ẹni lẹ́bi, àti ríronú nípa ikú. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní sunkún, ìbínú lẹ máa rí lára wọn, tàbí orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro tí àyẹ̀wò ò rí ìdí ẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, torí tí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó lára tàbí tí thyroid tó wà lọ́rùn ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè mú èèyàn rí bákan náà.

Bó ṣe ń yí nìyí. Gbogbo ohun tí èèyàn bá fẹ́ ṣe, ọpọlọ máa ń wọ̀n ọ́n láìsọ fún un, èrè tó wà níbẹ̀ mélòó, wàhálà tó wà níbẹ̀ mélòó. Depression á jẹ́ kí èrè kéré lójú, á sì jẹ́ kí wàhálà ga bí òkè. Nítorí náà tí ọ̀rẹ́ bá pè, kò ní gbé e. Ní ìṣẹ́jú yẹn ara á tù ú díẹ̀, ìtura kékeré yẹn gan-an ló ń kọ́ ọpọlọ pé sísá fún nǹkan ló dáa, lọ́la á tún sá fún òmíì. Kò ní pẹ́ tí ohunkóhun tó lè mú inú ẹ̀ dùn ò fi ní wọlé sí ayé ẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ ti lọ, iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ó ń fi ọ̀sán dùbúlẹ̀ débi pé òru ò ní oorun mọ́, àwọn míì á sì ta jí ní ìdájí tí ọkàn á wúwo ju ìgbà yòówù lọ. Abọ́ tí ò fọ̀ á wá di ẹ̀rí lójú ẹ̀ pé òun ò wúlò. Ìrántí gan-an máa ń gbè sẹ́yìn àìsàn yìí, ohun burúkú tó ti ṣẹlẹ̀ ló máa ń yá ọkàn láti rántí, ohun rere á jìnnà, ìdí nìyẹn tí "ṣáà máa ro rere" àti "wo àwọn tí ò ní tó ẹ" ò fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀bi nìkan ló ń fi kún un.

Ibi kọ̀ọ̀kan ni ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ti ń já okùn yìí. Láàárín 1960 sí 1970, dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Aaron Beck gbé ìtọ́jú kalẹ̀ tó ń kọ́ èèyàn láti mú èrò tó ń sáré wá sọ́kàn, kó bi í pé ẹ̀rí wo lo ní. Ìkan tún wà tó rọrùn lẹ́nu, Peter Lewinsohn, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe èèyàn ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní bíi 1970 sókè: má dúró de kó wù ẹ́ kí o tó ṣe é, ṣe èyí tó kéré jù lákòókò tí o dá, ìfẹ́ á bá ẹ lọ́nà. Lójú tèmi èyí ló yẹ kí gbogbo ará ilé mọ̀, torí kò dìgbà téèyàn bá kàwé rẹpẹtẹ.

Oògùn ńkọ́? Àwọn bíi fluoxetine àti sertraline máa ń gbé kẹ́míkà tó ń jẹ́ serotonin sókè láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ara ò ní yá lọ́jọ́ yẹn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kéèyàn tó rí ìyàtọ̀, nígbà míì ó lè tó 6 tàbí 8, torí ọpọlọ gan-an ní láti tún ara ẹ̀ tò lẹ́yìn tí kẹ́míkà ti yí padà. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé èébì tó ń gbéni, oorun tó ń dàrú àti ara tí ò balẹ̀, àwọn yẹn kì í pẹ́ dé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ oògùn nù. Tí ẹnì kan nínú ilé bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ tó sì ń sọ fún un pé bó ṣe ń rí nìyí, ẹ jẹ́ ká pe dókítà ká tó jáwọ́, ìrànlọ́wọ́ ńlá nìyẹn. Tí ara bá yá tán, wọ́n ṣì máa ń ní kó lò ó fún oṣù 6 sí i ó kéré tán, tó bá sì yá láti dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Àwọn tí ò tíì pé ọmọ ọdún 25 nílò ìṣọ́ra gidi ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí èrò ikú lè pọ̀ sí i fún àwọn kan. Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé ó lo ọjọ́ mélòó kan láìfẹ́rẹ̀ẹ́ sùn tí ò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, tó ń náwó bí ẹni pé kò ní tán, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó kọ oògùn, torí ó lè jẹ́ bipolar, àìsàn tí ara máa ń yá sódì nígbà kan tí ọkàn á tún rẹ̀wẹ̀sì nígbà míì, oògùn depression nìkan sì lè tì í padà sínú yíyá sódì yẹn.

Iṣẹ́ ẹni tó sún mọ́ ọn wá ni pé kó bá a dín wàhálà inú nǹkan kù. "Pè mí tí o bá nílò nǹkan" dáa lẹ́nu, àmọ́ ẹni tí ò lè gbé fóònù lẹ tún gbé iṣẹ́ fún un. "Màá dé ní aago mẹ́rin, a jọ máa rìn dé òpópónà ká padà" ló dáa jù, tó bá sì kọ̀, ẹ jókòó tì í díẹ̀, ẹ tún padà wá lọ́la láìbínú. Ẹ bá a gba ọjọ́ tó máa rí dókítà, ẹ bá a kọ ohun tó ń ṣe é sínú ìwé, torí iwájú dókítà ni ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé "kò burú púpọ̀". Àmọ́ ẹ má gba gbogbo ẹ̀ ṣe. Tí ìyá bá ń fọ abọ́ ẹ̀, tó ń bá a gbé fóònù, tó ń bá a tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn yẹn ló ń le sí i, kò sí ohun kankan tó kù tó máa fi rí i pé òun ṣì lè ṣe nǹkan. Ẹ jọ fọ̀ ọ́, kó fọ ife méjì, kẹ́yin fọ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ ikú lẹ̀rù rẹ̀ máa ń bani jù. Ẹ bi í léèrè tààrà, "ṣé o ti ń ronú láti pa ara rẹ?" Bíbéèrè ò ní gbin èrò yẹn sí i lọ́kàn, àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ ò rí i pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara á tù ú pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà àti ìgbà tó fẹ́ ṣe é. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn àti májèlé kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ ti lè tó o, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, tó bá tiẹ̀ ní ẹ ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kankan. Àwọn kan máa ń ní ẹni tó bá fẹ́ kú á wá ọ̀nà míì, kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀, èrò yẹn máa ń ga fún ìgbà díẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Ní Sri Lanka, nígbà tí ìjọba fòfin de àwọn oògùn kòkòrò oko tó lóró jù, iye àwọn tó ń para wọn fi bí ìdajì dín kù láàárín 1995 sí 2005.

Ẹ má sì tú ìṣọ́ ká nígbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá. Okun lè kọ́kọ́ padà kí ìrètí tó padà, ẹni tí ò lókun láti ṣe nǹkan kan lóṣù tó kọjá ti wá ní in báyìí, ẹ ṣì máa bi í léèrè.

Tí ara bá ti wá yá dáadáa, ọjọ́ yẹn ló dáa kẹ́ ẹ jọ jókòó kọ ohun tó kọ́kọ́ máa ń yí padà tí àìsàn náà bá fẹ́ dé, bóyá oorun ni, bóyá kò ní fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, kó fúnra ẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe àti ẹni tó fẹ́ kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà dókítà sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ìkan wà lọ́wọ́ yín.