Báwo ni Atari 2600 ṣe ń fi báìtì 128 ya àwòrán?

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwọn kan ṣì ń kọ gémù tuntun fún Atari 2600, ẹ̀rọ tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, àti pé báìtì 128 péré ni ìrántí inú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe àsọdùn ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àwòrán rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìlà 192, àmì kéékèèké 160 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ká tiẹ̀ ní dúdú àti funfun nìkan la fẹ́ tọ́jú, báìtì 3,840 ni yóò gbà, torí àmì 8 ló ń wọ inú báìtì kan. Níbo la fẹ́ kó o sí? Ẹ̀rọ yìí kì í tọ́jú odindi àwòrán rárá.

Ìbéèrè: Kí wá là ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n?

Ìdáhùn: Ìtànṣán kan ló ń ya àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bó ṣe ń lọ ni kóòdù yín ń sọ ohun tó kàn fún ṣíìpù tó ń ya àwòrán, ìyẹn TIA. Ìṣísẹ̀ 76 ti aago tó ń darí ẹ̀rọ lẹ ní lórí ìlà kan, àṣẹ tó yá jù sì ń jẹ 2 nínú rẹ̀. Bí onílù tó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ oníjó ni: tó bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo agbo ti gbọ́.

Ìbéèrè: Tí mo bá fẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú wà láàárín ìlà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibí gan-an lorí ti ń dàrú. Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí pé “gbé e sí 80”. Ẹ máa dúró kí ìtànṣán dé ọ̀gangan ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí kóòdù yín fọwọ́ kan RESP0, àyè kan nínú TIA tó ń sọ pé ibi tí ìtànṣán wà ni ọkọ̀ yóò wà. Ṣùgbọ́n àmì 3 ni ìtànṣán ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè dá a dúró. Ọgbọ́n táwọn àgbà iṣẹ́ ń dá rèé: wọ́n á máa yọ 15 kúrò nínú iye ibi tí wọ́n fẹ́, léraléra. Ìyọkúrò kan ń gba ìṣísẹ̀ 5, ìtànṣán á sì ti rin àmì 15 gẹ́lẹ́! Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ló di aago. (Èmi ò tíì rí ohun tó dùn tó èyí nínú iṣẹ́ kóòdù.) Àṣẹ́kù ni wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n máa kó sínú HMP0, àyè mìíràn nínú TIA, kí àṣẹ HMOVE fi sún ọkọ̀ náà díẹ̀ sósì tàbí sọ́tùn-ún.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni gémù wá ń ráyè mọ ẹni tí ìbọn bà?

Ìdáhùn: Ìlà 262 ni odindi àwòrán kan ní ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà. 192 la ń rí. Nínú 70 yòókù, lókè àti nísàlẹ̀, ni kóòdù ti ń ronú.

Ìbéèrè: Kí ni mo nílò láti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Kọ̀ǹpútà, DASM tó ń sọ kóòdù di gémù, àti Stella tó ń ṣe bí Atari. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tí kóòdù ẹ̀rọ bá ń dẹ́rù bà lè fi batari Basic, èdè kóòdù tó rọrùn jù ú lọ, bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi ohun tẹ́ ẹ kọ han ẹnikẹ́ni, ẹ wo iye ìlà tí Stella ń kà: tí kò bá dúró sójú kan, àwòrán yín á máa fò lórí tẹlifíṣọ̀n gidi.