Bí àkọsílẹ̀ ìlera ṣe lè bá aláìsàn rìn láti Kétu dé Àjàṣẹ́

Ká sọ pé ìyá kan ń gbé ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, tí àtọ̀gbẹ ń bá a jà. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan, wọ́n sì kọ 1,26 sínú kàánẹ́, ìyẹn ìwé ìlera rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọjá ẹnubodè lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún, wọ́n kọ 126. Ilé àyẹ̀wò mìíràn níbẹ̀ lè kọ 7.0. Ẹni tó bá to nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ láìbéèrè á ní ṣúgà ara ìyá yìí ń ṣe ségesège. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni. Gíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n kọ ní Kétu, bí àwọn Faransé ṣe ń ṣe. Èkejì jẹ́ mílígíráàmù nínú ìdá mẹ́wàá lítà. Ẹ̀kẹta jẹ́ mílímólù nínú lítà. Bí ọ̀rọ̀ tansíọ̀n, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á ní 14 lórí 9 ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wọ́n á ní 140 lórí 90 ní Ìmẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí wọ́n bá ti ra kọ̀ǹpútà sí ilé ìwòsàn, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó kọ 126 láìkọ irú ìwọ̀n tí wọ́n lò tì í kò sàn ju bébà lọ. Ó tilẹ̀ léwu jù ú lọ, nítorí àwọn èèyàn máa ń gba ohun tí ẹ̀rọ bá sọ gbọ́. Kọ́mà kékeré tó wà láàárín 1 àti 26 pàápàá ní ewu tirẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi àmì tóótó (.) ya nọ́ńbà lè fo kọ́mà náà, kó sì sọ 1,26 di 126. Ohun tó ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ rìn ni àdéhùn: kí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan lè ka ohun tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kejì kọ, kó sì yé e bó ṣe yé ẹni tó kọ ọ́.

Orúkọ ni wàhálà àkọ́kọ́. Ọlátúnjí tí ìyá rẹ̀ sọ lórúkọ di Olatoundji nínú ìwé ìbí ní Kétu, ó sì di Olatunji ní kété tó bá dé Nàìjíríà. Òjó di Odjo. Fáṣínà di Fachina. Ti ọjọ́ ìbí tún wà ńbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ló ní «né vers 1955» nínú ìwé wọn, ìyẹn ni pé wọ́n bí wọn ní nǹkan bí ọdún náà. Bí ẹ̀rọ bá fi dandan béèrè ọjọ́ àti oṣù, akọ̀wé kan á fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i, òmíràn á fi ọjọ́ tó wù ú sí i, ẹnì kan ṣoṣo á sì di ẹni mẹ́ta nínú ẹ̀rọ. Oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ á wà lábẹ́ orúkọ kan, ẹni tó fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ á sì ṣí èkejì.

Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Benin ti ní èyí tó lè ṣiṣẹ́ náà: nọ́ńbà ìdánimọ̀ NPI tí ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìdánimọ̀, ń fún ará ìlú, láti ìgbà ìkànìyàn RAVIP tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Àmọ́ aláboyún tó dé lóru pẹ̀lú ìrọbí kò ní ráyè wá NPI, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kó lọ mú un wá. Ẹ̀rọ tó dára á fún un ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á so ó mọ́ NPI rẹ̀. Atọ́ka kan ló ń ṣe ìsopọ̀ yìí, tó mọ̀ pé nọ́ńbà ti Kétu, ti Pobẹ̀ àti ti Àjàṣẹ́ jẹ́ ti ẹnì kan náà.

Lẹ́yìn orúkọ ló kan ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan kọ «palu», òmíràn kọ «paludisme», ẹ̀kẹta kọ malaria. Nínú ìwé àmì àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ICD-10, B50 dé B54 ni ibà yìí ń jẹ́, I10 sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní ìdí pàtó. Ìwé àmì ti àyẹ̀wò ni LOINC, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, nọ́ńbà òkè tansíọ̀n ń jẹ́ 8480-6 níbikíbi láyé. Nọ́ọ̀sì kò ní há èyí sórí o. Òun á yan «tansíọ̀n» lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fi àmì náà pa mọ́ lábẹ́lẹ̀.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe ń dì í ránṣẹ́? FHIR ni àdéhùn tó gbajúmọ̀ jù báyìí, HL7, àjọ tó ń ṣe àdéhùn fún ẹ̀rọ ìlera, ló ṣe é. Ó ń gé àkọsílẹ̀ sí ẹyọ kéékèèké. Àyẹ̀wò ìyá wa yẹn á di ẹyọ kan tó ní: ta ni, kí ni wọ́n wọ̀n, 1.26, g/L, ọjọ́ wo, ta ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá ní kó lọ sí ilé ìwòsàn agbègbè ní Pobẹ̀, tàbí síwájú sí i, sí CHUD, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́, kò pọn dandan kí gbogbo ìtàn ayé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Oògùn tó ń lò, èyí tí ara rẹ̀ kọ̀, àyẹ̀wò tó ṣe gbẹ̀yìn, àti ohun tó mú wọn rán an lọ ti tó. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ẹ̀rọ Kétu á tọ́jú ẹyọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á sì tì í jáde bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dé. Ẹ̀rọ tí kò lè ṣe èyí kò yẹ fún ilé ìwòsàn wa kankan.

Àǹfààní kan wà tí wọn kì í sábà sọ. DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Oslo ṣe, ni Benin ń lò fún ìròyìn ìlera oṣooṣù. Iye aláìsàn nìkan ni ìròyìn yìí ń gbà: ibà mélòó, ìbímọ mélòó. Níbi tí rẹ́jísítà bá ti jẹ́ bébà, ní ìparí oṣù, agbẹ̀bí tó ti dúró látàárọ̀ ló ń jókòó ṣí ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi bírò fa ìlà, tó ń ro ó pọ̀. Bí àkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti ní àmì B50 láti ọjọ́ tí wọ́n rí i, ẹ̀rọ á ka iye náà fúnra rẹ̀, agbẹ̀bí á sì lọ sùn.

Ní ti àṣírí, òfin Code du numérique ti 2018 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ààbò pàtàkì, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni, ló sì ń mójú tó o. Nínú ẹ̀rọ, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé akọ̀wé tó ń gbowó kò ní rí èsì àyẹ̀wò kòkòrò HIV, àti pé gbogbo ẹni tó bá ṣí ìwé aláìsàn ni orúkọ rẹ̀ àti àkókò tó ṣí i á wà nílẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí kò tíì ní ju rẹ́jísítà àti bírò lọ náà lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí wọ́n la òpó kan fún NPI. Kí wọ́n kọ g/L sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1,26. Kí wọ́n kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú káàdì ìdánimọ̀, kí wọ́n má kọ ọ́ bí etí ṣe gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, ohun tí wọ́n á kó sínú rẹ̀ á ti ṣe é kà.