Ojú Ló Ń Pín Iṣẹ́ fún Síkírìnì Méjì

Nintendo DS, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tó jáde lọ́dún 2004, ní síkírìnì méjì, ṣùgbọ́n síkírìnì kan ṣoṣo ni ẹ̀yà tó ń ya àwòrán 3D nínú rẹ̀ lè yà á sí lẹ́ẹ̀kan. Géèmù tó bá fẹ́ 3D lókè nísàlẹ̀ á máa yà á ní gbà-fún-mi-n-gbà-fún-ọ, àwòrán 60 ní sẹ́kọ́ǹdù kan á sì di 30 fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo ayàwòrán kan tó ń sáré láàárín ògiri méjì, tí kò sì bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni ń wo èyí tó ń kùn.

Títọpa ojú, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa mọ ibi tí ẹni tó ń ta géèmù ń wò, lè kọ́ ayàwòrán yìí láti wo olówó iṣẹ́ kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Kámẹ́rà kékeré àti ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí ló ń wá ibi tí ọmọlójú kọjú sí. PlayStation VR2, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń dé sójú, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2023: ibi tí ojú wà ló ń yà dáadáa.

Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú bá kúrò lókè bọ́ sí ìsàlẹ̀? Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ wo ojú ọ̀tún yín, kí ẹ tún wo tòsì. Ẹ kò ní rí i kó yí láéláé. Ojú kì í rìn, fífò ló ń fò, ọpọlọ sì ń pa ohun tó bá rí lójú ọ̀nà rẹ́. Ìfò náà kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdù, ṣùgbọ́n àwòrán mẹ́ta sí mẹ́rin lè wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ayàwòrán ti ń rápálá dé ògiri kejì. Bí kámẹ́rà bá lọ́ra, olówó iṣẹ́ á bá a lórí àkàsọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn èèyàn rò pé ńṣe ni wọ́n á pa síkírìnì kejì. Rárá o! Ẹ̀gbẹ́ ojú kò mọ lẹ́tà kà, ṣùgbọ́n kí nǹkan ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ níbẹ̀, ó ti gbọ́. Nítorí náà, òjìji àti fínnífínní àwòrán ni kí wọ́n kọ́kọ́ dínkù, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n gidi ni, àfi pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹni tó bá yọjú wo géèmù láti ẹ̀yìn yín, síkírìnì tí wọ́n ti dín fínnífínní rẹ̀ kù gan-an ló lè máa wò.