Kí ẹ tó wá grant fún ilé àtijọ́ yẹn, ẹ gbé sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ná

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá kan pè mí láti Sabon Gari ní Kano. "Injíníà" ni wọ́n ń pè mí o, mo ti sọ ọ́ títí pé ilé yíyà ni mo kọ́, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá owó tí àwọn òyìnbó fi ń tún ilé àtijọ́ ṣe, torí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ti ń sán, gbọ̀ngàn tí àwọn bàbá wọn kọ́ nígbà tí wọ́n bá rélùwéè wá sókè ọ̀hún. Inú mi dùn. Mo wá bi wọ́n pé báwo ni ògiri ẹ̀ ṣe wà báyìí. Wọ́n ní, "A ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ jàre, a ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo iwájú ẹ̀, a sì ti tú àwọn fèrèsé onígi yẹn kúrò, aluminium la fẹ́ fi síbẹ̀."

Mo kàn dákẹ́ sórí fóònù ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nìyẹn o, owó àtúnṣe ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe owó àtúnkọ́. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ilé yẹn látọwọ́ àwọn tó kọ́ ọ ni ẹni tó fẹ́ sanwó ń wò: igi àjà, ilẹ̀kùn, fèrèsé, amọ̀ ara ògiri. Tí ẹ bá ti yọ ìyẹn dànù kí wọ́n tó dé, kí ni wọ́n fẹ́ wá tún ṣe?

Ẹ jẹ́ n sọ ti sìmẹ́ǹtì yìí dáadáa torí òun ló ń dùn mí jù. Ògiri amọ̀ máa ń mí. Omi á gba ìsàlẹ̀ wọlé, òjò á tún nà án, tí oòrùn bá wá ràn, omi yẹn á gba ojú ògiri jáde padà. Ìgbà tí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ omi nínú nìyẹn, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò sì ní rí i. Òjò ọdún kìíní, ó dùn ún wò. Tó bá ṣe díẹ̀, sìmẹ́ǹtì yẹn á ṣí bíi páálí, á sì já ara ògiri dání wálẹ̀. Àwọn magina, ìyẹn àwọn mọlémọlé Hausa, inú ìlú Zaria àti Kano mọ èyí kí wọ́n tó bí wa, tubali, ìyẹn bíríkì amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ mọ, ni wọ́n fi ń mọ ògiri, azara, ìyẹn igi tí wọ́n là lára giginya tó jẹ́ irú ọ̀pẹ kan, ni wọ́n fi ń ṣe àjà torí ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á wá rẹ èèpo èso igi irúgbá sínú omi, igi tí a ti ń rí irú yẹn náà ni, omi ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní makuba, òun ni wọ́n fi ń po amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kí òjò má baà wẹ̀ ẹ́ lọ. Babban Gwani Mikaila tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Zaria ò ra sìmẹ́ǹtì kankan. Ẹni tó bá dé Jos, kó yà sí ọgbà mùsíọ́ọ̀mù wọn, wọ́n kọ́ irú mọ́ṣáláṣí yẹn síbẹ̀, kó gbójú sókè wo àjà ẹ̀. Bíríkì amọ̀ lásán ni ti Sabon Gari o, kì í ṣe tubali, àmọ́ ìwà amọ̀ ò yàtọ̀.

Ó ku ìwé. Ta ló ni ilé? Ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù púpọ̀ ti ń kú. Owó tí Amẹ́ríkà ń fún àwọn nǹkan àjogúnbá láti 2001, tó ń gba ọwọ́ àwọn ẹ́ḿbásì wọn, kì í wọ ilé àdáni rárá, wọn kì í sì í fi kọ́ ilé tuntun. Tí ìwé ilẹ̀ gbọ̀ngàn yín bá ṣì wà lórúkọ bàbá kan tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ pe àwọn ọmọ bàbá náà jókòó báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí owó bá yọjú. Kí ẹgbẹ́ náà ní ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, kó ní akáǹtì tirẹ̀, kì í ṣe akáǹtì akápò o! Ẹ má sì rò pé tí ìjọba bá ti kọ orúkọ ilé sílẹ̀ ó parí. Ṣebí ọdún 1956 ni wọ́n ti kéde ilé àtijọ́ Ilojo Bar l'Ékòó pé ó di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ilé ìdílé ni, ọjọ́ Sunday kan ní September 2016 ni wọ́n wó o.

Àwọn kan máa ń da grant pọ̀ mọ́ àmì ẹ̀yẹ. Ti Aga Khan, tí wọ́n fi ń yẹ́ iṣẹ́ ilé yíyà sí, tó ń wáyé lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta tí owó ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, ẹ̀yìn iṣẹ́ ló ń wá, ilé gbọ́dọ̀ ti parí káwọn èèyàn sì ti lò ó fún ọdún kan ó kéré tán. World Monuments Watch, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn ibi àjogúnbá tó nílò ìrànlọ́wọ́ kárí ayé, ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ ilé ránṣẹ́, ariwo ló kọ́kọ́ ń mú wá, owó lè tẹ̀ lé e tàbí kó má tẹ̀ lé e. ALIPH, àjọ tó ń fowó dáàbò bo nǹkan àjogúnbá láti Geneva, ibi tí ogun bá ti ba nǹkan jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, àwọn ará Borno ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ ya gbogbo ibi tó sán, ẹ fi rúlà tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ káwọn èèyàn lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ wá fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ tí wọ́n yà níwájú ilé náà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, ó wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nínú bájẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ẹni tí á máa rẹ́ ògiri lẹ́yìn tówó bá tán sí i, àti ọmọ méjì tí magina á kọ́ níṣẹ́.

Mo bẹ bàbá yẹn pé kí wọ́n wá fèrèsé wọn lọ. Wọ́n pè mí padà lálẹ́, ọwọ́ kaféńtà tó tú u ló wà, ó kó mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn, méjì tó kù ó ti fi kan ilé adìyẹ, wọ́n ṣì ń bá a dúnàá dúrà.